Ta Ló Ń Ṣòfin Lórí Ìkànnì Tí Kò Ní Ọ̀gá Kan Ṣoṣo?

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti fòfin de Twitter. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni iléeṣẹ́ náà ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lójú òpó Ààrẹ Muhammadu Buhari, ọ̀rọ̀ tó fi mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Ìjọba ní kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù dí ọ̀nà, wọ́n sì dí i. Ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2022 ni ọ̀nà náà tó tún là. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bófin mu. Ẹni méjì ló ń jà nínú ọ̀rọ̀ yìí: iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti ìjọba kan ní Abuja. Àwọn oníṣòwò tó ń polówó ọjà lórí Twitter, àwọn oníròyìn, àwọn ọ̀dọ́ tó fi í pe ara wọn jọ nígbà ìwọ́de EndSARS ọdún 2020, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí sí i.

Ìjọba kọjá sórí Koo, áàpù kan tí àwọn ará Íńdíà ṣe, àwọn kan sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2024, àwọn tó dá Koo sílẹ̀ kéde pé àwọn ń tì í pa. Twitter fúnra rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Elon Musk ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Accra dúró, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì yẹn ni àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà ní nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú gbogbo àyípadà wọ̀nyí, ẹni tó ń lo ìkànnì kò ní ibò kankan. Ọ̀gá ló ń pààrọ̀, òǹlò wà níbi tó wà.

Irú ìkànnì mìíràn wà tó ti ń dàgbà láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí a tú agbára rẹ̀ ká, tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kan. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀, àti ohun tó gbà kí òǹlò tó di ẹni tí à ń fọ̀rọ̀ lọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti gba agbára lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá, ó ti bọ́ sọ́wọ́ òǹlò nìyẹn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mìíràn ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ kó tó kan òǹlò.

Mastodon ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú irú ìkànnì yìí. Eugen Rochko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Jámánì, ló gbé e jáde ní ọdún 2016. Sọ́fítíwià ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìmọ̀ àti owó díẹ̀ lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀, kó fún un lórúkọ, kó ṣòfin rẹ̀, kó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá fẹ́ wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú sáfà bẹ́ẹ̀ ló wà. Bí ẹni tó ń lo Gmail ṣe lè kọ ímeèlì sí ẹni tó ń lo Yahoo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lórí sáfà kan ṣe lè tẹ̀ lé ẹni tó wà lórí òmíràn, kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì fèsì. Ìlànà tí àwọn sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ActivityPub, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Fediverse ni wọ́n ń pe àpapọ̀ gbogbo àwọn sáfà náà. Kò sí ìpolówó ọjà lórí Mastodon, kò sì sí iléeṣẹ́ kan tí ìjọba lè ké sí pé kó pa ọ̀rọ̀ lágbájá rẹ́ káàkiri gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí onísáfà lè ṣe. Ó lè lé ènìyàn jáde lóru láìsọ ìdí. Ó lè ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ kọ sí ọ̀rẹ́ yín, nítorí pé Mastodon kì í fi àmì àṣírí bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ onísáfà lójú. Ó lè já okùn tó so sáfà yín pọ̀ mọ́ sáfà tí àbúrò yín wà. Ó lè pa ẹ̀rọ náà, kó sùn. Nathan Schneider, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2024, *Governable Spaces* ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà tí ẹni tó dá a sílẹ̀ fi ń jọba títí láé, tí irinṣẹ́ tí a fi lè dìbò tàbí tí a fi lè yọ ọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ó fi í wé ìjọba àwọn onílẹ̀ ayé àtijọ́ ní Yúróòpù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọba kékeré ẹgbẹ̀rún kan kò sàn ju ọba ńlá kan lọ fún ẹni tí kò ní ẹnu níwájú ìkankan nínú wọn.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìkànnì yìí a máa dáhùn pé bí ọba kan bá le jù, kí ènìyàn kó lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Òótọ́ ni, Mastodon ní ọ̀nà ìkólọ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé yín yóò bá yín lọ sí àkáǹtì tuntun. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ ti kọ yóò wà lẹ́yìn lórí sáfà àtijọ́. Ẹ lè gba àdàkọ rẹ̀ pa mọ́, ẹ kò lè gbé e lọ sí ilé tuntun. Bí onísáfà àtijọ́ bá sì ti pa ẹ̀rọ láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé yín pàápàá ti sọnù, nítorí pé sáfà àtijọ́ ló yẹ kó sọ fún wọn pé ẹ ti kó lọ. Ẹ̀tọ́ àtilọ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kó kiri ní gbogbo ìgbà kò lè gbin ohunkóhun. Ohun tí òǹlò nílò ni àyè láti jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ṣòfin. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Sáfà tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èyí ṣe ṣeé ṣe fara balẹ̀ wò ni social.coop. Ọdún 2017 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ni. Àwa náà mọ alájẹṣẹ́kù dáadáa. Òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1935, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tàbí ọjà ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní tirẹ̀. Sáfà gan-an ni ohun ìní tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ social.coop jọ ní. Ẹni tó bá wọlé yóò máa san owó ẹgbẹ́, ó kéré tán pọ́n-ùn kan lóṣù. Orí Open Collective ni owó náà ń gbà, níbi tí ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ti lè rí iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tí wọ́n fi ṣe.

Orí Loomio ni ìpàdé wọn ti ń wáyé. Àwọn kan ní New Zealand ló ṣe Loomio lẹ́yìn ìwọ́de Occupy ti ọdún 2011, nígbà tí wọ́n rí i pé jíjókòó yíká láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ohùn tó ṣọ̀kan ń tán àwọn ènìyàn lókun. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan rí i pé òfin tó wà nílẹ̀ lórí fífi fọ́tò ọmọdé síta kò yéni tó. Yóò kọ èrò rẹ̀ sórí Loomio. Àwọn yòókù á bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, òun náà á tún un kọ. Bó bá yá, á sọ ọ́ di àbá, á sì dá ọjọ́ tí ìbò yóò parí. Ohun mẹ́rin ló wà fún olùdìbò: ó lè gbà, ó lè yẹra, ó lè kọ̀, ó sì lè dènà. Ìdènà wúwo ju kíkọ̀ lọ. Ẹni tó kọ̀ ń sọ pé òun kò fara mọ́ àbá náà, àmọ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Ẹni tó dènà ń sọ pé bí ẹ bá ṣe èyí, ẹ ti ba ohun tó mú wa péjọ jẹ́. Àyè wà fún olùdìbò láti kọ ìdí tó fi dìbò bẹ́ẹ̀, ìdí náà a sì máa wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti kà.

Mo fẹ́ràn apá tó kẹ́yìn yẹn jù. Lórí àwọn ìkànnì ńlá, òfin a kàn máa yí padà, ẹ ó gba ímeèlì kan, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì pé ẹ gbà. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dá a lábàá, ẹni tó takò ó, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi nílò rẹ̀. Òfin tí a mọ ìtàn rẹ̀ rọrùn láti pa mọ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Social.coop pín iṣẹ́ fún àwọn ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ kan ń bójú tó ẹ̀rọ, òmíràn ń bójú tó àwùjọ àti ẹjọ́. Ó ní ibi tí èyí ti nira. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló fẹ́ kàwé, kí wọ́n bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ sùn. Wọn kò fẹ́ máa dìbò lójoojúmọ́. Bí ìpinnu bá pọ̀ jù, àwọn tó ráyè nìkan ni yóò máa ṣèjọba, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tàbí tó ń tọ́mọ yóò wà níta. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ohun tó yẹ kó wá síwájú gbogbo ẹgbẹ́ kò yẹ kó pọ̀: òfin ìwà, owó, yíyan àwọn alámòójútó àti yíyọ wọ́n, àti gígé àjọṣe pẹ̀lú sáfà ńlá mìíràn. Kí àwọn tí a yàn máa ṣe ìyókù, kí wọ́n sì máa jíhìn.

Ìdájọ́ ni ibi tí òǹlò ti ń mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú yín lórí Mastodon, ẹ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹ sì lè yàn pé kí ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ sáfà tí ẹni náà ti wá. Alámòójútó lè kìlọ̀ fún un, ó lè dín bí àwọn tí kò tẹ̀ lé e ṣe ń rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, ó sì lè lé e. Láti ọdún 2022, ẹni tí wọ́n bá jẹ níyà lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti inú àkáǹtì rẹ̀. Ohun tí sọ́fítíwià kò lè sọ ni ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dájọ́ ló tún ń gbọ́ ọ, kí la ṣe? Sáfà tó bá fi òǹlò ṣáájú yóò ní ẹnì kejì fún iṣẹ́ yìí, yóò sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì kan àwa gan-an. Ìyá kan lè wí fún ọmọ rẹ̀ lójú òpó pé "màá pa ẹ́ o, o ò tíì jẹun látàárọ̀." Ọ̀rẹ́ lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní wèrè nígbà tó bá pa á lẹ́rìn-ín. Alámòójútó tí kò gbọ́ Yorùbá, tó fi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀, yóò rí ìhàlẹ̀ àti èébú. Ní òdìkejì, òwe kan tó gún ènìyàn dójú ọkàn lè kọjá níwájú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi Yorùbá kọ̀wé lórí Twitter, kí iléeṣẹ́ náà lè rí i pé ó yẹ kí wọ́n fi èdè wa kún àwọn èdè tí ojú òpó náà ń lò. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ tó bá ní sáfà tirẹ̀ kò níí bẹ ẹnikẹ́ni kó tó yan alámòójútó tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Àjọṣe láàárín sáfà àti sáfà ló ń fa ìjà jù. Ní oṣù Keje ọdún 2019, Gab, ìkànnì tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbilẹ̀ lórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí lo sọ́fítíwià Mastodon. Rochko kò lè dá wọn dúró, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwià náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ sáfà, lọ́kọ̀ọ̀kan, já okùn tó lè so wọ́n pọ̀ mọ́ Gab, ó sì di pé Gab dá wà. Agbára àwọn púpọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e, PlayVicious, sáfà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń darí, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ìyọlẹ́nu tí wọ́n fi ń dojú kọ wọ́n láti inú Fediverse kan náà. Ìtàn méjèèjì ló yẹ kí á máa sọ pọ̀. Ìkànnì tí a tú agbára rẹ̀ ká lè ti olè mọ́ta. Kò túmọ̀ sí pé yóò dáàbò bo ẹni tí kò pọ̀ nínú rẹ̀, àfi bí àwọn yẹn bá wà níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin.

Fún ìgbà pípẹ́ ni sáfà fi ń já okùn láìsọ fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ènìyàn á jí lówùúrọ̀, ọ̀rẹ́ ogún ti dàwátì, kò sì níí mọ ìdí. Mastodon 4.3, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ló mú un wá pé kí òǹlò rí ìkìlọ̀, kó sì lè gba orúkọ àwọn tí okùn náà ti já mọ́ lọ́wọ́. Ohun kékeré ló jọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé wọ́n ti ń ka àjọṣe sí ohun ìní òǹlò. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí wọ́n sọ kí okùn tó já.

Owó àti òpin ni ọ̀pọ̀ onísáfà kì í fẹ́ sọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, onísáfà mastodon.lol, tí ènìyàn tó lé ní 12,000 wà lórí rẹ̀, kéde pé òun yóò tì í ní oṣù Karùn-ún. Ìjà àti èébú ti sú u. Ó ṣe dáadáa tó fi sọ tẹ́lẹ̀. Mastodon ní májẹ̀mú kan láti ọdún 2019 fún sáfà tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ tí wọ́n ń fi han àwọn tuntun: kó ní alámòójútó tó ń kojú ọ̀rọ̀ ìkórìíra, kó máa ṣe àdàkọ lójoojúmọ́, kí ẹnì kejì ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, kó sì fún àwọn ènìyàn ní oṣù mẹ́ta gbáko kó tó tì. Ẹni kan ṣoṣo tó ń fi owó oṣù rẹ̀ bọ́ sáfà, tó tún ń ka èébú àwọn ẹlòmíràn lálaalẹ́, àárẹ̀ yóò mú un lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé owó ẹgbẹ́ ló yẹ kó máa gbé sáfà dúró. CoSocial ní Kánádà, òun náà alájẹṣẹ́kù, ń gba dọ́là Kánádà 50 lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àdàkọ pàápàá ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn FBI lọ tú ilé ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí sáfà kolektiva.social lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n sì kó àdàkọ sáfà náà mọ́ ẹrù rẹ̀, èyí tí wọn kò fi àmì àṣírí tì. Ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀. Onísáfà tí kò bá nílò ohun kan kò yẹ kó tọ́jú rẹ̀.

Bluesky gba ọ̀nà mìíràn. Inú Twitter ni èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, ó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì kún sí i nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Brazil ti X, orúkọ tí Twitter ń jẹ́ báyìí, pa ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún náà. Lórí Bluesky, ẹlòmíràn yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ lè máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò dára, ẹ̀yin ni ẹ ó sì yan ẹni tí ẹ fẹ́ fọkàn tán àmì rẹ̀. Rudy Fraser, ọmọ New York, lo àyè yìí láti kọ́ Blacksky fún àwọn aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú àwọn alámòójútó tó mọ oríṣìíríṣìí ọ̀nà tí èébú sí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ́ sáfà tiwọn. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹlò Bluesky ṣì wà lórí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan náà, iléeṣẹ́ yẹn ló sì ń sọ ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí òǹlò bá ti yan àmì tirẹ̀ tán. Yíyan ohun tí ojú ẹni yóò rí yàtọ̀ sí dídìbò lórí ohun tí a jọ ní.

Mastodon pàápàá kọ́ ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn yóò gbé e kúrò lọ́wọ́ Rochko nìkan sọ́wọ́ àjọ tí kì í ṣe fún èrè ní Yúróòpù, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà sì ni Rochko fi ipò olórí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní London àti Houston tí ẹ ń ṣe gbogbo ìpàdé yín lórí WhatsApp tàbí Facebook, ẹ lè ní sáfà tiyín. Darius Kazemi, tó ń darí sáfà Friend Camp fún nǹkan bí àádọ́ta ọ̀rẹ́, ti kọ ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀ láti ọdún 2019, ọ̀fẹ́ ni láti kà. Ẹ kọ òfin yín ní Yorùbá kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni méjì lọ́wọ́, ó kéré tán, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ sáfà ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀: ta ló ń sanwó, ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, oṣù mélòó ni wọ́n á fún yín bí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má wọ̀ ọ́.